Ẹni Iwájú Ló Ń Gbè É

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdákẹ́. Ìdákẹ́ ni mo fi parí ìkíni nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti pe fóònù yín láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbé e lẹ́ẹ̀kan. Télọ̀ iwájú ilé wa ni mo pè gbẹ̀yìn. Ó ní ara yín le koko, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí, Bàbá? Obìnrin tó ń ta sítáǹpù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti mọ̀ mí dáadáa. Ó rò pé mo ní àfẹ́sọ́nà kan tó wà lẹ́wọ̀n.

Ara tèmi náà le. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń lọ, àfi pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, torí ìdúró ti pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ rántí pé mo ti sọ fún yín nípa ẹgbẹ́ akọrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwa mẹ́fà péré. A ti pinnu láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orin fún àwọn ará àdúgbò tó yí ilé ẹ̀kọ́ wa ká, ní Sátidé kẹta oṣù Karùn-ún, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago kan ọ̀sán. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè wá, kódà ẹni tí wọ́n ti ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé láti kékeré. Wọ́n fún wa ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé rẹ̀ ga, bẹ́ǹṣì onígi mẹ́jọ sì wà lára ògiri rẹ̀ tí ẹnì kan ò lè dá gbé.

Èmi ni wọ́n yàn pé kí n darí ọjọ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olórí ẹgbẹ́ wa, ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Ààrẹ torí pé ó fẹ́ràn àtimáa pàṣẹ, fẹ́ ká kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ka àmì orin lójú pátákó. Mo ní bí a bá fi pátákó bẹ̀rẹ̀, ìdajì wọn á ti gba ilé lọ kí aago mọ́kànlá tó lù. Mo wá rántí ilé ìlagi. Mo rántí ẹ̀yin àti Àgùnfọn, ẹ̀yin níwájú, òun lẹ́yìn, pákó gígùn ní èjìká yín, tí ẹ ń fi orin mọ ìgbà tí ẹ máa gbé e, ìgbà tí ẹ máa rìn àti ìgbà tí ẹ máa sọ̀ ọ́. Èmi wà lórí òkìtì èérún pákó, mò ń ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún mi. Mo sọ fún wọn pé orin yẹn la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí yóò jọ gbé bẹ́ǹṣì láti ara ògiri wá sí àárín gbọ̀ngàn, orin ni wọ́n ó sì fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí gbogbo wọn wú, àfi ti Ààrẹ.

Àmọ́ mi ò rántí orin náà tán. Ẹsẹ̀ kẹta ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn yín kọ ọ́ sínú fóònù kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ bá mi kí Àgùnfọn, ẹ ní kó bá yín dá a bó ṣe máa ń dá a.

Èmi ọmọ yín tó ń retí ohùn yín.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

O káre. Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní Mọ́ńdè, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ní ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, wá bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Àbí èmi ni mo tún máa kọ́ nọ́ọ̀sì bó ṣe máa tọ́jú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni?

Má bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Fóònù mi ti dàgbà. Ìgbà tó bá wù ú ló ń dún, ìgbà tó bá wu èmi náà ni mo ń gbé e. Lẹ́tà tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ. Mo lè kà á lẹ́nu iṣẹ́, kí n tún un kà nígbà tí mo bá délé, kò sì sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Sọ fún obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ pé bàbá rẹ ni ẹlẹ́wọ̀n náà.

Inú mi dùn pé o rántí orin yẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ò ń fetí sí wa nígbà náà, ìṣirò ni mo rò pé ò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹni ẹ̀yìn ló ń dá a, ẹni iwájú ló ń gbè é:

Ṣé o ti mú un? Mo ti mú un.
Ṣé ó wúwo? Kò wúwo jù wá lọ.
Ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀nà là gbooro.
Ṣé ká sọ̀? Ká sọ̀.

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n yí i padà kí ẹni iwájú wá máa dá a. Ẹni ẹ̀yìn ń rí ẹni iwájú, ṣùgbọ́n ẹni iwájú kò rí ẹni ẹ̀yìn. Etí nìkan ló fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì òun ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹni ẹ̀yìn má ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́ “ká sọ̀” lẹ́nu ẹni iwájú, ì báà ti rẹ̀ ẹ́ tó o. Tẹnu mọ́ èyí fún wọn dáadáa, torí kò síbi tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀.

Ní ti kí n kọ ọ́ sínú fóònù, ohùn mi ò dáa mọ́. Èérún pákó ti kún ọ̀nà ọ̀fun mi. Kọ ọ́ bí o ṣe rántí rẹ̀, yóò dára. Àgùnfọn náà kò sí nítòsí, ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Jẹun kí o tó jáde láàárọ̀.

Bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo rí ọ̀rọ̀ orin gbà, mo sì dúpẹ́. Ẹ ti sọ pé ohùn yín ò dáa mọ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹni tó ń kọrin borí ariwo ayùn ńlá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tó wà ní títì ń gbọ́, ni èérún pákó máa wá dá dúró?

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu níbí. A ti lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ilé alágbàfọ̀, ibùdókọ̀ àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré. Èèyàn mọ́kànlélógún ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní fún ọgbọ̀n ọdún, òun nìkan lòun ń kọrin nídìí ọkọ̀, òun fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá gbè é. Opó kan tún wá béèrè bóyá wọ́n máa gbà kí òun kàn jókòó, kí òun máa wò. Mo ní kò séwu, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ síbi ẹni tó máa gbé bẹ́ǹṣì.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa ló ń ṣètò àkókò: ìṣẹ́jú mélòó fún ìkíni, mélòó fún mímí, mélòó fún orin, mélòó fún omi mímu. Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kọ, ó ní ọkàn òun ò balẹ̀. Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀, torí ẹsẹ̀ kẹta yẹn. Níbi “ọ̀nà là gbooro,” ṣé ohùn ń gòkè ni, àbí ó ń wálẹ̀? A kọ ọ́ lónírúurú ọ̀nà, kò jọ tiyín.

Nítorí náà, mo gba ohùn wa sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín lánàá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, kí ẹ kọ̀wé sọ ibi tó ti wọ́ fún mi. Ẹ má wò ó pé ọmọ yín ni, ẹ bá wa wí bí ẹ ṣe máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ wí.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lẹ rán mi wá kọ́, pé ẹ ò rán mi wá kọrin. Mo ń ka ìwé mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n èyí ni ohun kan ṣoṣo níbí tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un wá, mo sì fẹ́ ṣe é bó ṣe tọ́.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Òrùlé ń jò níbi tó máa ń jò sí, mo sì gbé abọ́ síbi tí mo máa ń gbé e sí. Télọ̀ ní kí n kí ọ.

Mo gbọ́ ohùn yín. Mo jókòó lórí àga ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣe dáadáa. Kò síbi tó wọ́. Ẹsẹ̀ kẹta tí o ń bẹ̀rù gan-an ló dùn jù. Ohùn tìrẹ yọ láàárín wọn, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bá mi sọ fún Ààrẹ pé bàbá rẹ ní ó ṣeun, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀.

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Ohun tó kù ni kí o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún kí wọ́n tó gbé ẹrù, kí ẹ̀yìn má baà dùn wọ́n. Inú mi dùn sí ọ púpọ̀.

Bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Ọjọ́ méjì ni mo fi mú lẹ́tà yín lọ́wọ́ kí n tó lè jókòó fèsì sí i.

Nígbà tí ẹ ní ẹsẹ̀ kẹta ló dùn jù, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi jọ, mo ní ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá mi yìn. Mo tẹ ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Bàbá, kì í ṣe orin. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo mú èyí tí kò yẹ. Orí tábìlì ni mo gbé fóònù sí lọ́jọ́ tí a ń jà, ó sì ń gba gbogbo ohun tí a ń sọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ìjà ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ààrẹ ló ń sọ pé orin àwọn tó ń ru pákó kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi síwájú èèyàn, pé á dà bíi pé a ò kàwé. Ohùn tèmi tí ẹ ní ó yọ láàárín wọn, ẹkún ni mo ń sun. Mò ń sọ fún wọn pé orin bàbá mi ni.

Gbogbo wa la jọ jókòó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní láti ka lẹ́tà yín sókè, torí mo ti ṣèlérí. Ààrẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò tẹ́tí sí i rárá. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò ráyè, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ kọ̀wé pé ẹ jókòó lórí àga, pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí ẹ fi parọ́ fún mi? Ẹ kì í gbé fóònù, ẹ ò fẹ́ kọrin sí i, ẹ sì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti rò ó, mo sì rí i pé ẹ ò fẹ́ kí n máa kọrin, ẹ kàn ń fi ọgbọ́n sọ ọ́ ni.

Tó bá jẹ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ lẹ tún máa kọ, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ní in lọ́kàn. Mo pe télọ̀. Ó ní ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, pé ara yín yá, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà, ó ní èrò wà níwájú òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ò dún, Bàbá. Mi ò gbọ́ ohùn èrò kankan.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò tún bi yín léèrè nípa orin mọ́. Ẹ ṣáà kọ ìlà kan sí mi. Kódà kí ẹ bú mi, ó tó.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo bẹ̀ ọ́, ka lẹ́tà yìí dé òpin kí o tó bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì fà á ya.

Mi ò gbọ́ ohun tí o fi ránṣẹ́ nítorí pé mi ò gbọ́ràn mọ́. Etí mi ti di, méjèèjì. Mo jókòó lórí àga ẹnu ọ̀nà lóòótọ́. Mo gbé fóònù náà lé egungun àgbọ̀n mi, mo rí i pé ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. O ti sọ fún mi pé orin ni, mo sì gbà pé orin ni. Gbígbọ̀n yẹn ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ṣì ni, mi ò sọ pé kì í ṣe irọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bó ṣe jẹ́ ni. Ẹkún ọmọ mi ni mo sì pè ní orin dídùn. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti tún ayùn ńlá ṣe ni, torí kò pariwo bíi tàtijọ́ mọ́. Mo tiẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá wò mí lójú títí, ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Àgùnfọn. Mo sọ fún ọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣèṣe pé ó ṣubú ni. Kò ṣubú. Oṣù kan ló kù kí o rìnrìn àjò. A gbé pákó kan láti ìdí ayùn, èmi níwájú bí mo ti máa ń wà. Wọ́n ní ó bi mí pé ṣé ká sọ̀, n kò dáhùn. Wọ́n ní ó tún bi mí. Apá rẹ̀ ti rẹ̀, ó sì ti tó ogún ọdún tí èmi àti òun ti jọ ń gbé ẹrù, ó gbà pé mo ti dáhùn, pé ariwo ni kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́. Èmi ń rìn lọ. Pákó náà yọ, ó já lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò gbọ́ igbe rẹ̀, ọmọ mi. Mò ń kọrin, mò ń fa igi lọ, àfi ìgbà tí àwọn èèyàn sáré wá dì mí mú níwájú.

Kò rìn dáadáa mọ́ títí tó fi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún tó kọjá. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan pé kó forí jì mí. Kò fèsì, mi ò sì mọ̀ bóyá ó rí i gbà.

Mi ò lè sọ fún ọ nígbà náà. Ìwé ìrìnnà rẹ ti jáde, tí o bá sì gbọ́, o ò ní lọ. Nígbà tí o lọ tán, mo ní kí o kọ́kọ́ parí ọdún kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí. Mo bẹ télọ̀ pé kó bá mi pa á mọ́, má bínú sí i. Ní ibi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ onírin ló ń gbé pákó báyìí, kò sẹ́ni tó ń kọrin mọ́. Èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi. Ojú ni mo fi ń gba iṣẹ́, mo ti mọ ẹnu èèyàn kà díẹ̀.

Orin náà pé lórí mi, kò dín. Ṣùgbọ́n tí mo bá la ẹnu, mi ò mọ ohun tó ń jáde. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan lójú àwọn ọmọṣẹ́, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kọ ọ́ sí ọ. Kò sígbà kankan tí mo kórìíra kí o máa kọrin.

Ohun kan ṣì wà tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí o lọ, ní ibùdókọ̀, o dì mọ́ mi, o gbé ẹnu sí mi létí, o sì sọ̀rọ̀. Mi ò rí ẹnu rẹ, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mò ń mi orí, mò ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. O jáwọ́ lára mi, o wọ ọkọ̀, o ò sì bojú wẹ̀yìn. Kí lo sọ fún mi?

Bàbá rẹ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ forí jì mí. Gbogbo ohun tí mo kọ sí yín ní oṣù tó kọjá, ẹ forí jì mí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ àìsàn lára ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́, mi ò sì mọ tiyín. Fóònù tí ẹ ò gbé, télọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi. Ìbínú ni mo fi kà wọ́n.

Lẹ́tà yín dé ní Tọ́sìdeè, nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ku ọ̀tunla, Sátidé. Mi ò fẹ́ ṣe é mọ́. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ààrẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ orin náà han òun, òun fẹ́ há a sórí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wá. Ìyá tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ní a ò gbọdọ̀ fa bẹ́ǹṣì nílẹ̀, mo ní a ò ní fà á. Mo ṣàlàyé fún wọn bí ẹ ṣe kọ ọ́: ẹni ẹ̀yìn ń dá a, ẹni iwájú ń gbè é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ títí tó fi máa gbọ́. Opó tó ní òun á kàn máa wò ni èmi àti alágbàfọ̀, ẹni tí a lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ilé rẹ̀ tóun náà wá, rọ̀ títí tó fi dìde. Ó di ẹ̀yìn mú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, alágbàfọ̀ sì dúró gbagidi níwájú, ó ń na etí, kò gbé ẹsẹ̀ títí tó fi gbọ́ ọ. Ààrẹ náà gbé tirẹ̀ níwájú. Ó kọ ọ́ dáadáa, mi ò lè parọ́.

Nígbà tó kan èmi, awakọ̀ ló wà lẹ́yìn mi. A gbé e, a rìn dé àárín. Ó bi mí pé ṣé ká sọ̀. Mo gbọ́ ọ ketekete, Bàbá, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò là. Àgùnfọn ni mo ń rò, àti ẹ̀yin, tí ẹ ń rìn lọ. Awakọ̀ tún bi mí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n láti iwájú, àgbàlagbà ni, kò sì sọ̀ ọ́. Mo wá sọ pé ká sọ̀. A sì sọ̀ ọ́ pa pọ̀, kò dún rárá. Mo jókòó lé e níbẹ̀, mo sunkún lójú gbogbo èèyàn.

A kọ ẹsẹ̀ kẹta bí ẹnu wa ṣe gbé e. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi mọ́.

Ní ti ohun tí mo sọ ní ibùdókọ̀, ǹ bá má sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n irọ́ ti tó láàárín wa. Mo ní, “Bàbá, bí ẹ bá ní kí n dúró, mo máa dúró. Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ?” Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó yá yín lára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri níbí pé bàbá mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Télọ̀ wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo kà á, ó rí ojú mi, ó sì lọ bu omi wá fún mi.

Bá mi kí awakọ̀ yẹn. Sọ fún un pé ó ṣeun tó dúró. Kí o má sì ronú àtifi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wá sílé nítorí mi, mo mọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. Parí rẹ̀. Ọdún kan ló kù. Nígbà tí o bá dé, kí o máa kojú sí mi tí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀, kí o má ṣe kánjú.

Ní ti ohun tí o bi mí ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ti rò ó láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, torí mi ò fẹ́ fún ọ ní èsì dídùn lásán. Ká ní mo gbọ́ ọ ni, ǹ bá ṣì ní kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n kì bá yá mi lára bẹ́ẹ̀. Ǹ bá dì ọ́ mú títí awakọ̀ á fi máa fọn fèrè, tí àwọn èrò á fi máa bínú sí wa, kí n tó lè sọ ọ́.

Bàbá rẹ.